Ta Ló Ń Yí Àìyípadà Padà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀yọ́, mo ka àbá tí ẹ gbé sílẹ̀ lánàá fún àwa tí à ń túmọ̀ sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹ ní ibi tí sọ́fítíwíà ń gbà lọ nígbà tí ẹni tó ń kó o sínú ẹ̀rọ kò bá yan ibòmíràn, ká máa pè é ní "ibùdó àìyípadà fún ìfisórí". Mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: kò bọ́ sí i. Ẹ wo bọ́tìnnì tó wà nínú àpẹẹrẹ tí ẹ̀yin fúnra yín fi ránṣẹ́: "Yí ibùdó àìyípadà padà." Bí ìyá mi bá ka èyí, wọn á bi mí bóyá ara ẹni tó kọ ọ́ yá.

Àwọn kan ti sáré gbèjà yín pé "àì-" lè túmọ̀ sí èyí tí a kò tíì yí. Gírámà lè gbà bẹ́ẹ̀, etí kò gbà. Ìlú onítẹ̀bọmi ni Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Bí akọrin bá kọ "Ọlọ́run aláìyípadà", ṣé Ọlọ́run tí ẹnikẹ́ni kò tíì ráyè yí padà ni ìjọ ń gbọ́?

Iṣẹ́ náà gan-an ló tiẹ̀ tako yín jù. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kó sọ́fítíwíà láti inú kóòdù sórí Linux rí mọ̀ pé tó bá tẹ ./configure, àṣẹ tó ń palẹ̀ kóòdù mọ́, láìfi nǹkan kan kún un, tó wá tẹ make install, àṣẹ tó ń kó o sáyè rẹ̀, fódà /usr/local ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà lọ. Ó nídìí. Fódà /usr jẹ́ ti apt, dnf àti ẹgbẹ́ wọn, àwọn ètò tí Linux fúnra rẹ̀ fi ń kó sọ́fítíwíà wọlé. Tí o bá da tìrẹ mọ́ tiwọn, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe àtúnṣe, wọ́n lè fi tiwọn pa tìrẹ rẹ́. Ìlànà FHS, tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ń gbé lórí Linux, tí ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ jáde ní 2015, ya /usr/local sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n kọ --prefix=$HOME/.local sí ẹ̀yìn ./configure, fódà ilé tìrẹ ló ń bọ̀, o ò sì ní tọrọ àṣẹ root, ọ̀gá ẹ̀rọ. Homebrew, ètò tí àwọn oní-Mac fi ń kó sọ́fítíwíà, ńkọ́? /usr/local ni tirẹ̀ lórí Mac tó ń lo ṣípù Intel. Nígbà tí ṣípù Apple fúnra rẹ̀, Apple silicon, dé, wọ́n gbé e lọ sí /opt/homebrew. Àwọn tó ni ín ló yí i! Àìyípadà wo ló tún kù?

"Ibùdó àmúwá" ni tèmi. Ẹ rántí orúkọ àmútọ̀runwá: Ìgè ti mú tirẹ̀ dé kí mọ̀lẹ́bí tó jókòó ọjọ́ kẹjọ, síbẹ̀ wọ́n á sọ ọ́ ní Adéwálé, Adéwálé ni wọ́n á sì kọ sí ìwé iléèwé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ké "àmúwá Ọlọ́run" mọ́ mi, pé ìyẹn náà kì í yí. Ọlọ́run ni kì í yí níbẹ̀. Àmúwá ò dá nǹkan kan mọ̀.

"Ìfisórí" náà ń dùn mí. Ẹ fi ṣíbí kan sínú abọ́, ẹ kó ṣíbí mẹ́wàá sí i. Sọ́fítíwíà kan ṣoṣo ń pín sí fódà bin, lib àti share, kíkó ni. Àwọn ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Under G níbí ń pè é ní ínsítọ́ọ̀lù, n ò bá wọn jà, wọn ò ṣe bí ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀.

Ẹ tún ní ẹ̀yìn ààfin ni wọ́n ti tọ́ yín, pé ẹnu arọ́kin ni ẹ ti kọ́ èdè. A kí yín. Arọ́kin kan ò rí /usr/local rí, Ọ̀yọ́ sì ni gbogbo wa.

Àmúwá ni mo ti kọ sínú fáìlì ìtumọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ kó kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, kó má kàn pa á rẹ́ bí wọ́n ṣe pa "ojú-ewé" mi rẹ́ lóṣù tó kọjá, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì jẹ́wọ́.