Ṣé irinṣẹ́ olókùúta lè fi ilẹ̀ àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ hàn wá?

Ọmọ Ìkìjà: Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, mo kí yín o. Mo kà á pé àwọn awalẹ̀pìtàn ń fi irinṣẹ́ olókùúta wá bí ilẹ̀ tí àwọn ọdẹ ń rìn ṣe fẹ̀ tó, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa dáko. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí òkúta ti wá? Ṣé a lè ṣe é ní Abẹ́òkúta yìí, tí àpáta yí wa ká?

Ará Ìtòkò: Gbogbo òkúta kọ́ ló ṣeé tọpasẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni obsidian, òkúta dúdú tó ń dán bíi dígí, tó máa ń wá láti inú òkè tó ń yọ iná, nítorí pé èròjà inú ti òkè kan kì í sábà bá ti òmíràn dọ́gba. Ní Olorgesailie ní Kẹ́ńyà, wọ́n rí irinṣẹ́ obsidian tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 300,000 ọdún sẹ́yìn. Kìlómítà 25 sí 50 ni wọ́n ti gbé púpọ̀ nínú wọn wá, àwọn kan sì tó nǹkan bí 95.

Adéwálẹ̀: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí òkúta dé kọ́ ni ààlà ilẹ̀ ẹni tó lò ó. Ó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ gbé e. Ó sì lè gbà á lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, èyí tí àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Olorgesailie gan-an tẹnu mọ́. Èmi á kọ́kọ́ wo pàǹtí. Bí èèpo òkúta àti ẹ̀rún tó ń bọ́ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ bá pọ̀ nílẹ̀, a jẹ́ pé odidi ni wọ́n gbé e dé. Bí ó bá jẹ́ kìkì abẹ tí wọ́n ti tún ẹnu rẹ̀ ṣe títí tó fi kúrú, ó ti pẹ́ nínú ìrìn àjò. Ohun tó jọ ààlà lójú tèmi ni ibi tí òkúta orísun kan ti dáwọ́ dúró lójijì, tí ti orísun mìíràn sì gba ipò rẹ̀.

Ará Ìtòkò: Ìṣòro tiwa níhìn-ín nìyẹn. Òkúta irú ti Olúmọ rí hóró-hóró, kì í là pẹlẹbẹ kó mú. Kúọ́tì (quartz), òkúta funfun tó gba inú àpáta kọjá, ló ń mú, òun náà ni wọ́n sì lò jù ní Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsarùn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw ti walẹ̀ ní 1965, tí wọ́n sì ti rí agbárí èèyàn tó lé ní 11,000 ọdún. Ṣùgbọ́n kúọ́tì wà káàkiri, ó sì ṣòro láti fi ti ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn.

Ọmọ Ìkìjà: Ẹdùn àrá tí àwọn àgbẹ̀ máa ń hú lóko ńkọ́?

Adéwálẹ̀: Àáké ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n lọ̀ wọ́n ni, iṣẹ́ àwọn tó wá lẹ́yìn sì ni. Àwọn tó ti dé ojúbọ Ṣàngó, bí a kò bá mọ oko tí wọ́n ti hú wọn, a kò lè fi wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ kankan. Ẹni tó bá tún rí òmíràn, kó kọ ibi tó wà àti bó ṣe jìn tó nínú ilẹ̀ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.