"Ó tàn, àmọ́ kò gbéra": èrò mi lórí boot, image àti virtual machine

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mẹ́ta la ń wá Yorùbá fún: boot, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti òdo; image, fáìlì tó kó gbogbo ohun inú dísíìkì kan; àti virtual machine, kọ̀ǹpútà tí a fi ètò dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Àbá tó wà nílẹ̀ ni "tàn" tàbí "jí" fún boot, "àwòrán" fún image, àti "ẹ̀rọ ayédèrú" fún virtual machine. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó dá wọn lábàá, àmọ́ n kò fara mọ́ ìkankan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjì bí wọ́n ṣe lè fi QEMU, ètò tó ń dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, gbìyànjú Debian, irú Linux kan, lórí láptọ́ọ̀pù láì fọwọ́ kan Windows tó wà níbẹ̀. A ṣe fáìlì tí yóò jẹ́ dísíìkì rẹ̀: qemu-img create -f qcow2 ile.qcow2 10G. Ọ̀kan nínú wọn kánjú, ó ṣí ẹ̀rọ náà láì tíì fi fáìlì ISO tó gbé Debian sí i. Fèrèsé dúdú yọ, orúkọ SeaBIOS, BIOS tí QEMU ń lò (ètò tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ bá tàn), hàn lókè, "No bootable device" (kò rí dísíìkì tí yóò fi bẹ̀rẹ̀) tẹ̀ lé e, ó sì dúró gbagidi. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ó tàn, àmọ́ kò gbéra."

Èmi kọ́ ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu. Ohun tó rí ló sọ, ó sì la ohun tí a ti ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́ níbí sí méjì. Títàn ni kí iná wọ inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ lè tàn kó má gbéra láéláé.

"Jí" náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí a pa dé tó ń sùn, òun ló ń jí nígbà tí a bá ṣí i. Gbogbo ohun tí a fi sílẹ̀ lórí rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Èyí tó ń gbéra kò rántí nǹkan kan. Nílànà BIOS àtijọ́, tí QEMU ṣì ń lò fún irú ẹ̀rọ wa bí a kò bá sọ òmíràn fún un, báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí dísíìkì ni a ó kà, méjì tó gbẹ̀yìn nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àmì 55 àti AA. Ètò kékeré inú báìtì yìí ni yóò lọ gbé èyí tó tóbi jù ú lọ wá, ìyẹn á gbé kernel, ọkàn Linux, wá, kernel á wá gbé ìyókù dìde. Ẹ̀rọ náà ló ń gbé ara rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an, inú bootstrap ni wọ́n ti yọ boot: okùn ẹ̀yìn bàtà tí ènìyàn fà láti fi gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kò sídìí tí a ó fi yá bàtà wọn. Gbé ara, gbéra: ó ti wà lẹ́nu wa kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ẹnì kan ní ti ìrìn àjò ni "gbéra", pé ọkọ̀ ló ń gbéra ní gáréèjì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá tó ní kí ọmọ tó jókòó "gbéra ńlẹ̀" ńkọ́? Kì í ṣe Ìbàdàn ló ń rán an lọ. Ọ̀rọ̀ náà sì ń bímọ dáadáa: àtúngbéra fún reboot, amẹ́rọgbéra fún irú GRUB, ètò tó ń gbé kernel wá, bí a ṣe ń pe jẹnẹrétọ̀ ní amúnáwá.

"Àwòrán" kò yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀. Ọmọ kejì gbọ́ pé image ni wọ́n ń pe fáìlì náà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dúró de fọ́tò. Ẹ̀dà ni, ẹ̀dà dísíìkì.

"Ayédèrú" ló dùn mí jù. Ayédèrú owó, ayédèrú oògùn: ohun tí kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n fi ń tanni jẹ. Láti 1972 ni IBM ti gbé ètò VM/370 jáde, tí oníkálukú ń ní ẹ̀rọ tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo, iṣẹ́ gidi sì ni wọ́n ń fi ṣe. Nígbà tí a fi ISO sí tiwa, tí a fún un ní 2GB nínú 8GB ìrántí (RAM) láptọ́ọ̀pù náà, Debian gbéra, ó ń wá dísíìkì, ó ń béèrè èdè tí a fẹ́. Kí ló jẹ́ ayédèrú níbẹ̀? Ó gba yàrá nínú ilé ẹlòmíràn ni. Mo dábàá "ẹ̀rọ ayálégbé", kí èyí tó gbà á sílé jẹ́ "onílé". "Àlejò" (guest) tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò kò tó, nítorí àlejò kì í ní yàrá tirẹ̀ tó ń tì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn ju ayálégbé lọ, mo ṣe tán láti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ayédèrú nìkan ni mo bẹ̀ yín pé ká má gbà wọlé.