Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìbọn kúkúrú onígi wo ni kí n rà fún àgbọ̀nrín ní Georgia?

Àkàndé: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀bá Macon ní Georgia ni mò ń gbé, mo ti ṣe hunter education (ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọdẹ), mo ti gba láísẹ́ǹsì, ẹ̀gbọ́n kan ló ń mú mi wọgbó láti ọdún méjì tó sì ń yá mi níbọn ẹ̀, àmọ́ lọ́dún yìí mo fẹ́ ra tèmi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mi ò ga, ọwọ́ mi ò gùn, ọ̀pá ìbọn tí wọ́n ń yá mi yẹn sì tó ínṣì 24, tí mo bá ti wọ kóòtù òtútù, ìdí ìbọn náà á há sí mi lábíyá, kí n tó tún un gbé, àgbọ̀nrín á ti na ìrù funfun ẹ̀ sókè, ó ti lọ nìyẹn. Orí àkàbà tí wọ́n so mọ́ igi la sì máa ń jókòó, ẹnu ìbọn á kàn máa kọ́ ẹ̀ka ṣáá.

Onígi ni mo fẹ́ o, ẹ má sọ ti oníke fún mi. Ọdẹ ni bàbá mi n'Ísẹ́yìn, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn máa ń kàn lára ṣakabùlà wọn ti dán bíi dígí, òrí ni wọ́n fi ń pa á lálẹ́ ọjọ́ tí òjò bá pa wọ́n. Mo fẹ́ èyí tí ọmọ mi náà á lè gbé lọ́jọ́ iwájú.

Àwọn tí mo ti rí (nọ́ńbà tó tẹ̀ lé orúkọ kọ̀ọ̀kan ni irú ọta tó ń lò): CZ 527 Carbine àlòkù, 7.62x39. Ruger M77 Compact, .308. Remington Model Seven àlòkù, 7mm-08. Browning X-Bolt Micro Midas tuntun, òun náà 7mm-08, àmọ́ ìyẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó ọwọ́ mi. Èwo ni kí n mú?

Àlàmú: Bọ̀dá Àkàndé, ẹ pa orúkọ tì ná, ẹ wọ kóòtù yẹn gan-an lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹni tó ń tà á ṣí bóòtì (irin tó ń ti ọta wọnú ìbọn), kẹ́ ẹ jọ rí i pé kò sí ọta nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọjú sí ògiri níbi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọjú sí, ẹ dijú, ẹ gbé e sí èjìká, kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lajú. Tẹ́ ẹ bá rí gbogbo òbìrí sikópù (awò tí wọ́n ń gbé sórí ìbọn) láìna ọrùn, ó bá yín mu nìyẹn. Tó bá jẹ́ dúdú lẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ gbé e kalẹ̀, bó ti wù kí igi ẹ̀ rẹwà tó.

Àdùkẹ́: Èmi ni mo ní Ruger Compact .308 yẹn, ní Texas níbí, ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni mo fi ń pa jù. Mo fẹ́ràn ẹ̀ o! Séfítì ẹ̀, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kó ṣèèṣì yìn, ní ipò mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá fi sí ti àárín ẹ lè ṣí bóòtì kẹ́ ẹ yọ ọta kúrò láìjẹ́ pé ó lè yìn. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, ọ̀pá ínṣì 16.5 pẹ̀lú .308, ariwo ẹ̀ pọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ẹ máa rí iná lẹ́nu ẹ̀, ìbọn náà sì fúyẹ́ débi pé ó ń ta èjìká dáadáa. Mi ò kì í yìn ín láìbo etí. Tí ọmọ bá máa lò ó, 7mm-08 ni kẹ́ ẹ mú. Ìkarahun ọta .308 náà ni, wọ́n kàn fún ọrùn ẹ̀ pọ̀ ni, kì í tani tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń pa àgbọ̀nrín láìṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

Àjàní: Kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ CZ? Ìbọn tó rẹwà jù nínú gbogbo wọn nìyẹn, ilẹ̀ Czech ni wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó dáwọ́ ẹ̀ dúró, 7.62x39 kì í tani rárá, tí ibi tẹ́ ẹ ti ń yìn ò bá ju yáàdì ọgọ́rùn-ún lọ ó tó àgbọ̀nrín. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí: séfítì ẹ̀ òdì ni. Lára èyí tó pọ̀ jù, ẹ máa tì í síwájú kẹ́ ẹ tó lè yìn, CZ 527 ní tiẹ̀, ẹ̀yìn lẹ máa fà á sí. Akọ àgbọ̀nrín kan dúró níwájú mi kò ju ogójì yáàdì lọ, mo ti séfítì síwájú bó ṣe mọ́ mi lára, mo fa tíríga, kò dún. Ìyẹn ṣì dáa, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹni tó rò pé òun ti tì í pa tó sì jẹ́ pé ó ti ṣí i sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì máa yá ìbọn ẹ̀gbọ́n yẹn lò, ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Bàbá Ìbejì: Model Seven yẹn, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é kẹ́ ẹ tó yọwó. Ní April 2014 Remington fúnra wọn pe ìbọn wọn Model 700 àti Model Seven tó ní tíríga X-Mark Pro padà, àwọn tí wọ́n ṣe láti May 2006 títí di April 2014, torí ó lè yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ lè fi hàn yín pé wọ́n ti tún un ṣe. Tí kò bá mọ̀, ẹ máa lọ.

Àlàmú: Òótọ́ ni bàbá sọ. Ní ti igi náà, ẹ mọ̀ pé ó ń mu omi. Òjò pa tèmi fún ọjọ́ mẹ́ta léra, igi wú, ó wá ń ti ọ̀pá ìbọn, gbogbo ọta mi ń lọ sápá òsì, mo ti fẹ́ ju sikópù nù kí n tó mọ̀. Fún èyí tí ọ̀pá ẹ̀ ò yẹ kó fara kan igi, ẹ ki owó dọ́là kan sáàárín wọn kẹ́ ẹ fà á lọ sẹ́yìn, tó bá há níbì kan, ibẹ̀ ló ti ń tì í.

Àkàndé: Ẹ ṣé gan-an, mo ti lọ ní Sátidé tòun ti kóòtù. Wọ́n ti ta CZ. Ẹni tó ń ta Model Seven ò mọ ọdún ẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Mo dijú, mo gbé Browning sí èjìká, mo lajú, òbìrí kíkún! Séfítì ẹ̀ wà lórí ọrùn ìbọn níbi tí àtàǹpàkò mi ń sinmi sí, mo ti san owó àsansílẹ̀. Ṣé mo lè fi òrí pa igi ẹ̀ bíi ti bàbá mi?

Àdùkẹ́: Kú oríire o! Ẹ má fi òrí pa ara ẹ̀, wọ́n ti kùn ún, kò ní wọlé. Inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò tẹ́ ẹ bá tú u, ibi tí ọ̀dà ò bá dé, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé, ẹ jẹ́ kí gunsmith (ẹni tó ń tún ìbọn ṣe) fi nǹkan dí i kí oṣù October tó dé.