Mo fẹ́ mú ọmọ mi lọ sí Ọjà'ba n'Ìbàdàn: báwo la ó ṣe rìn ín?

Bàbá Àdùkẹ́ (Ìkòròdú) béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́rìnlá. Èkó la bí i sí, inú ọ̀rá ló sì ti mọ èlùbọ́. Ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun se àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú fún ìyá àgbà rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wá kí wa. Ọmọ Ìbàdàn ni ìyá àgbà yẹn, Ọjà'ba kì í sì í kúrò lẹ́nu wọn. Mo wá rò ó pé ibẹ̀ gan-an ni ká ti lọ ra gbogbo ohun tí yóò lò.

Ọkọ̀ ojú irin la fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti Èbúté Mẹ́ta, a ó sì padà lọ́jọ́ náà. Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa mọ èlùbọ́ tí wọn ò fi láfún lú? Ṣé èèyàn lè ya fọ́tò níbẹ̀? N ò fẹ́ kí ó jẹ́ pé a kàn lọ wòran, ká sì padà.

Ọmọ Bódìjà:

Ọ̀gá, ẹ má da ara yín láàmú. Bódìjà ni kí ẹ lọ. Láti Mọníyà tí ọkọ̀ ojú irin máa já yín sí, ó sún mọ́ yín ju Ọjà'ba lọ dáadáa. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá ti ń já ẹrù oúnjẹ, kò sì sí ohun tí ẹ fẹ́ tí ẹ ò ní rí.

Alhaja Pópó Yemọja:

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ọmọ Bódìjà tó bá jẹ́ àpò àpò lẹ fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ kan lẹ fẹ́ sè, ọmọ lẹ sì fẹ́ kọ́. Ẹ mú un wá sí Ọjà'ba. Èlùbọ́ ni ìyá tó bí ìyá mi tà níbẹ̀ títí wọ́n fi dàgbà kùjọ́kùjọ́, ìdí àtẹ wọn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó. Bí ẹ bá wá wòran lọ́jà yẹn, èrò àti ariwo mọ́tò nìkan lẹ máa rí. Ẹni tó wá rajà lọjà ń bá sọ̀rọ̀.

Tí ẹ bá sọ̀ ní Mọníyà, ẹ wọ mícrà wá sí Mókọ́lá, kí ẹ wá wọ èyí tó ń lọ sí Bẹẹrẹ. Ọjà'ba ò jìnnà síbẹ̀ mọ́.

Ọmọ yẹn ni kí ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, Bàbá Àdùkẹ́. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Kó kúnlẹ̀ kí wọn: "Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá mi, ajé á wọ igbá." Lẹ́yìn náà ni kó tó béèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan. Ẹni tó bá kàn nàka sí ọjà tó ní "èló lèyí?", owó àlejò ni wọ́n máa pè fún un. Kó sọ fún wọn pé ìyá àgbà òun lòun fẹ́ se àmàlà fún. Ẹ máa rí bí àwọn ìyá yẹn ṣe máa dá sí i: ẹni tí ò tiẹ̀ tà á ní nǹkan kan á máa sọ bí wọ́n ṣe ń rò ó tí kò fi ní ní kókó.

Ní ti èlùbọ́, èmi ò ní rà á ní lílọ̀ tí mo bá wà ní ipò yín. Ẹ ra gbodo. Iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n fi omi gbígbóná rẹ mọ́jú, tí wọ́n wá sá sóòrùn títí tó fi le ganrangandan ni. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wá láti Òkè Ògùn, láti Ṣakí àti Ìgbòho lọ́hùn-ún. Kí ọmọ náà mú ẹyọ kan, kó ṣẹ́ ẹ. Tó bá dún káú, ó ti gbẹ. Tó bá ń rọ̀ lọ́wọ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀, á bu kẹ́ ẹ tó lò ó tán. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá kòkòrò ti lu ú. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa fi láfún lú gbodo tí ẹ fojú ara yín rí. Bó bá wá di dandan kí ẹ ra lílọ̀, kó fi díẹ̀ kan ahọ́n: èyí tó bá kan, tó sì funfun ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀wà fún gbẹ̀gìrì kò ní wàhálà, ẹ sáà wo ti kòkòrò. Irú ni kí ẹ fara balẹ̀ rà. Nílé tiwa, irú pẹ̀tẹ̀ la máa ń fi sí ewédú, wooro la máa ń fi sí ọbẹ̀ ata. Kí ẹ sì ra ìjábẹ̀ tuntun fún un. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó da ewédú sínú bùlẹ́ńdà. Ìjábẹ̀ ni kó fi já a nínú ìkòkò, pẹ̀lú kánún díẹ̀. Ó ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ Yorùbá tí kò tíì di ìjábẹ̀ mú rí.

Tí wọ́n bá wọn ẹ̀wà tán, kó béèrè èènì. Kó má tijú. Bí kóńgò ṣe kún tó ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe iye tí wọ́n pè nìkan.

Tíṣà Mápó:

Gbogbo ohun tí Alhaja sọ ni mo fara mọ́. Kí ẹ tó kó sínú ọjà, ẹ kọ́kọ́ gun òkè Mápó, ẹ̀gbẹ́ ọjà náà ló wà. Gbọ̀ngàn tó wà lókè yẹn, Gómìnà Graeme Thomson ló ṣí i lọ́dún 1929, òyìnbó ẹnjiníà tí wọ́n ń pè ní Taffy Jones ló sì kọ́ ọ. Láti ibẹ̀, ọmọ yín á rí òrùlé páànù Ìbàdàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Ẹ sọ fún un pé ọjà ìsàlẹ̀ yẹn ti wà tipẹ́ kí gbọ̀ngàn náà tó dé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829, àyíká ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ dó sí. Olúyọ̀lé, tí Aláàfin Àtìbà fi jẹ Baṣọ̀run, lorúkọ oyè rẹ̀, Ìba, wà lára orúkọ ọjà náà: Ọjà Ìba ni Ọjà'ba. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ìtòsí ìdíkọ̀ rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó lọ pàtẹ sí, ní Gbági àti Dùgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó fẹ́ ra irú àti ẹ̀kọ kò bá wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má fojú kéré àtẹ ata.

Fọ́tò: ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́jà kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Ẹ kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Sátidé tí ẹ mú yẹn dára, nítorí ní Jímọ̀, èrò tó ń lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí ńlá Ọjà'ba kì í jẹ́ kí ọ̀nà là bọ̀rọ̀.

Bàbá Àdùkẹ́:

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ọmọ náà ti kọ ọ̀rọ̀ Alhaja sínú ìwé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè bá wa lọ gbodo díẹ̀ níbẹ̀? Kí ni ká ṣe tí ewédú ò fi ní rọ kó tó dé Ìkòròdú?

Alhaja Pópó Yemọja:

Wọ́n á lọ̀ ọ́. Ẹ béèrè ilé ọlọ lọ́wọ́ ẹni tó ta gbodo fún yín. Ẹ dúró ti ẹ̀rọ náà: tó bá jẹ́ láfún ni wọ́n lọ̀ kẹ́yìn, ẹ ní kí wọ́n fi ẹyọ gbodo kan tàbí méjì gbá a mọ́, kí ẹ má sì da èyí tó kọ́kọ́ jáde pọ̀ mọ́ tiyín. Gbígbóná ló máa jáde. Ẹ má so ọ̀rá rẹ̀ pa kó tó tutù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á làágùn.

Ewédú ni kí ẹ rà kẹ́yìn, nígbà tí ẹ bá fẹ́ máa lọ síbi ọkọ̀. Èyí tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, tí kò tíì yọ òdòdó, ni kó ṣà. Kó wọ́n omi sí i díẹ̀, kó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, kó sì gbé e lérí nínú agbọ̀n. Ẹ má tì í bọ abẹ́ ẹ̀wà.