Ìtàn ìrírí: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé synthetic biology lọ bá àwọn ọmọ ilé-ìwé, ẹ bọ́ síbí

ỌmọLáàbù
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ tó bá ń múra iGEM, ìdíje àgbáyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú synthetic biology (ìyẹn títún àbùdá ohun alààyè tò), mọ̀ pé iṣẹ́ inú láàbù nìkan ò tó. Àwọn adájọ́ á béèrè ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á sì béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ ẹni náà yí padà nínú iṣẹ́ yín. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní kíláàsì àti ohun tó ń dà rú. Ilé-ìwé ìjọba ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: ọmọ 40, tábìlì méjì, kò síná.

Àǹtí_Jíìnì
Ẹ yọ DNA, okùn tó ń gbé àbùdá ohun alààyè, jáde látinú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kò sí méjì ẹ̀.

Bọ̀dá_Kẹ́míkà
Àǹtí, ẹ máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. Ẹ pín ọmọ 40 sí márùn-ún-márùn-ún. Ọ̀wọ́ kan á gba ààbọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú ọ̀rá títí kò fi ní kókó mọ́. Ẹ má lọ̀ ọ́ pẹ́ nínú blender, DNA á já wẹ́wẹ́, kò ní ṣeé fi igi ká mọ́. Ìdajì ife omi, ṣíbí tíì kan iyọ̀, ṣíbí tíì méjì ọṣẹ olómi tá a fi ń fọ abọ́. Kí wọ́n rọra rò ó. Ọ̀wọ́ tó bá ń gbọ̀n ọ́n, ìfófòó nìkan ló máa rí. Tó bá di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi aṣọ tá a fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Ẹ fi sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ fa mílílítà 10 omi náà sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Ó wá ku spírìtì tútù nini, mílílítà 20, kó máa ṣàn wálẹ̀ lára ìgò kó lè léfòó sórí. Ẹ má pò ó pọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, okùn funfun á máa gòkè níbi tí omi méjèèjì ti pàdé.

Ọṣẹ ló ń tú ọ̀rá tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Iná òdì (negative charge) tó wà lára DNA ló ń ti àwọn okùn rẹ̀ kúrò lára ara wọn, iyọ̀ ló ń pa á kí wọ́n lè so pọ̀. DNA kì í sì yọ́ nínú spírìtì.

Ife ẹlẹ́nu gbòòrò ló ń ba ọjọ́ náà jẹ́ jù. Spírìtì á tẹ́ pẹlẹbẹ, ọmọ kankan ò ní rí nǹkan.

Adìó77
Ògógóró ńkọ́? Òun ló sún mọ́ wa, òun ló sì dínwó.

Bọ̀dá_Kẹ́míkà
Kò ṣiṣẹ́, Adìó. Ká ní ọtí inú ẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100, tẹ́ ẹ bá da mílílítà 20 rẹ̀ lé 10 omi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ti di nǹkan bí 27. DNA á kàn yọ́ sínú ẹ̀ ni. Spírìtì 95 á fún yín ní 63. Ẹ ka ara ìgò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ti 70 á ṣì fa díẹ̀ jáde níbi tí wọ́n ti pàdé, àmọ́ kò ní pọ̀.

Ìyá_Tọ́lá_Nọ́ọ̀sì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ọmọ kankan má tọ́ spírìtì yẹn wò. Methanol wà nínú ẹ̀. Ẹ rántí Òde-Ìrèlè ní 2015: àìsàn àràmàǹdà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, kó tó hàn pé methanol inú ògógóró ló ń fọ́ àwọn èèyàn lójú tó sì ń gbẹ̀mí wọn. Àgbàlagbà kan ṣoṣo ni kó mú ìgò dání, kó máa fà á fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí iná èyíkéyìí.

Lékan_Peckham
Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, isopropanol, irú spírìtì míì, ló wọ́pọ̀. Ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan ti tó fún òun.

Àǹtí_Jíìnì
Òtútù ni wàhálà tiwa. Spírìtì ò ní dì nínú fírísà, torí náà ẹ gbé e sí i láti alẹ́ àná, kẹ́ ẹ gbé e sáàárín áísì bílọ́ọ̀kì nínú kúlà. Bí spírìtì bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ohun tó máa jáde á kéré.

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù
Mo ní àtakò kan. Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé gbogbo ohun funfun yẹn ni DNA. Pectin pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun náà kì í yọ́ nínú spírìtì, òun náà á sì jáde ní funfun bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀. RNA (ìbátan DNA) àti purotéènì náà á bá a jáde.

Adìó77
Háà! Irọ́ la wá ń pa fáwọn ọmọ ọlọ́mọ látọjọ́ yìí?

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù
DNA wà níbẹ̀ dáadáa, kò dá wà ni. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ẹ ó rí i pé ìbéèrè tó dáa jù lọ máa tibẹ̀ jáde: "Báwo la ṣe máa wá ya DNA sọ́tọ̀?" Ẹ ti dé ẹnu iṣẹ́ láàbù gan-an nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tí kò ní pectin, ẹ lo ẹ̀dọ̀ adìyẹ, kẹ́ ẹ fi ṣíbí tíì kan omi ọ̀pẹ̀yìnbó tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún kún un. Bromelain inú ẹ̀ ló ń gé purotéènì. Ti inú páálí ò lè ṣe é, wọ́n ti fi iná gbóná pa ẹ́ńsáìmù rẹ̀.

Ìyá_Tọ́lá_Nọ́ọ̀sì
Ẹ̀dọ̀ tútù lè ní Salmonella, bakitéríà tó ń da inú rú. Tí kò bá sí omi àti ọṣẹ ìfọwọ́ ní kíláàsì, ẹ fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀. Ti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe wẹ́kú ju ìyẹn lọ: ṣíbí ọbẹ̀ kan iyọ̀ nínú ìdajì lítà omi mímu, ọmọ kọ̀ọ̀kan á bu ṣíbí mẹ́ta, á fi yọ ẹnu fún ìṣẹ́jú kan, á tu ú sínú ife tirẹ̀. Ẹ̀kán ọṣẹ kan, lẹ́yìn náà spírìtì. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ife ẹlòmíì.

Àǹtí_Jíìnì
Tí ọmọ bá ti rí i pé láti ẹnu òun ló ti jáde, ẹ ò ní lè gbé e kúrò nídìí ìgò mọ́.

Yétúndé_Bio
Ohun tí wọ́n ń bi wá jù ni bakitéríà tó ń tàn. Tá a bá fi tépù di àwo agar (ohun dídì tí wọ́n ń tọ́ bakitéríà lé) pinpin, ṣé a lè gbé e lọ hàn wọ́n?

ỌmọLáàbù
Rárá. Ìlànà iGEM ò gbà kí ohun alààyè tá a tún àbùdá rẹ̀ tò jáde kúrò ní láàbù.

Adìó77
Àwo kan péré? Tí wọ́n sì máa gbé e padà?

ỌmọLáàbù
Àwo kan náà ló máa já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, tí ọmọ á sì fọwọ́ kó o. E. coli K-12, bakitéríà tá a ń lò ní láàbù, kì í fa àìsàn fún èèyàn, àmọ́ plasmid (òrùka DNA kékeré) inú ẹ̀ sábà máa ń gbé jíìnì tí kì í jẹ́ kí oògùn bí ampicillin ràn án. Ìyẹn kì í ṣe ohun tá à ń tú dà sí kíláàsì. Fọ́tò ni kẹ́ ẹ gbé lọ.

Bọ̀dá_Kẹ́míkà
Ohun tó ń tàn wà tí kì í ṣe bakitéríà. Ẹ gún ewé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú spírìtì díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ ti fèrèsé, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì UV tí wọ́n fi ń yẹ owó wò sí i. Omi tó jẹ́ àwọ̀ ewé á tàn ní pupa. Tonic water á tàn ní búlúù, quinine inú ẹ̀ ló fà á. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì náà sójú ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ lẹ ti máa wá sọ̀rọ̀ GFP, purotéènì tó ń tàn lára jellyfish (ẹran inú òkun), tí àwọn mẹ́ta gba Nobel kẹ́mísírì lé lórí ní 2008.

Lékan_Peckham
Ẹgbẹ́ Cambridge tó gbẹ̀yẹ iGEM ní 2009 tún bakitéríà tò kó máa pọ oríṣiríṣi àwọ̀, wọ́n pè é ní E. chromi. Ayàwòrán iṣẹ́-ọnà méjì, Alexandra Daisy Ginsberg àti James King, wá ṣe àpótí kan tí ìgbẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi wà nínú ẹ̀, bí ẹni pé lọ́jọ́ iwájú àwọ̀ ìgbẹ́ lá máa sọ àìsàn tó wà nínú ikùn. Kò sí bakitéríà kankan nínú àpótí yẹn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní lóhùn sí i.

Tíṣà_Agric
Ẹ múra ọ̀rọ̀ ẹ̀wà sílẹ̀ o. Wọn ò ní ṣàì béèrè bóyá GMO (ohun alààyè tí wọ́n tún àbùdá rẹ̀ tò) lẹ gbé wá. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn yín lójú: SAMPEA 20-T, ẹ̀wà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019. Jíìnì Cry1Ab látara Bacillus thuringiensis, bakitéríà inú ilẹ̀, ni wọ́n fi sí i nítorí Maruca, kòkòrò tó ń lu èèpo ẹ̀wà lójú. Inú ìfun kòkòrò yẹn ni purotéènì tí jíìnì náà ń ṣe ti ń rí ibi dì mú. Kò sí irú ibẹ̀ nínú ìfun tiwa.

Adìó77
Àgbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé á máa ra irúgbìn lọ́dọọdún?

Tíṣà_Agric
Kì í ṣe hybrid (irúgbìn àdàlù), Adìó. Òdòdó ẹ̀wà ló ń fi àtíkè (pollen) ara rẹ̀ so, àgbẹ̀ lè tọ́jú irúgbìn rẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè gidi nìyẹn. Kì í ṣe ọjà GMO la lọ tà. Ẹ kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́rọ̀ ẹnu ẹni tó bi í, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ yí padà nítorí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù
Ìyẹn gan-an làwọn adájọ́ ń wá. Fọ́tò ọmọ tó di báńà mú kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni kọ́ nǹkan. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta kan náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣe tán. Kí wọ́n má kọ orúkọ.

Yétúndé_Bio
Ìyọ̀ǹda àwọn òbí ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù
Ẹ gba ọwọ́ purinsípà kọ lẹ́tà sí wọn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ ya ìyọ̀ǹda fọ́tò sọ́tọ̀ kúrò lára ìyọ̀ǹda ìbéèrè, torí òbí míì á gba ọ̀kan, á kọ èkejì.

Àǹtí_Jíìnì
Ẹ ra sírínjì kọjá iye ọ̀wọ́ o. Wọ́n á fẹ́ mú un lọ sílé.