Níbo lẹ ti ń rí ohun tẹ́ ẹ máa ń kùn? Ẹ sọ ìrírí yín

Àdùfẹ́Aláwọ̀
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ó ti lé lóṣù kan báyìí tó jẹ́ pé lálaalẹ́, táwọn ọmọ bá ti sùn, màá ṣí ìwé mi, màá po ọ̀dà, màá ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, màá wá jókòó máa wo pépà funfun yẹn. Kò sóhun tó ń wá. Tó bá jẹ́ ìkòkò ni wọ́n ní kí n yà, màá gbé ìkòkò síwájú màá sì yà á, ṣùgbọ́n wọ́tákọ́lọ̀ (ọ̀dà olómi) abstract, àwòrán tí kì í ṣe ti ohun kan pàtó, tí kò lórí tí kò nírù yìí, kí lèèyàn fẹ́ gbé síwájú? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n lọ wo Pinterest, mo ti wò ó títí ojú fi ń ta mí, tí mo bá sì kúrò níbẹ̀, àwòrán ẹlòmíì lọwọ́ mi máa ń fẹ́ yà. Ohun tí ẹ̀yin fojú ara yín rí tó wá di àwòrán nínú ìwé yín ni mo fẹ́ gbọ́. Bó kéré, bó tóbi.

Kọ́lá_Ìjẹ̀bú
Ògiri ilé ìdáná ìyá mi. Èéfín ogún ọdún wà lára ẹ̀.

ỌmọÌtòkú
Àǹtí Àdùfẹ́, ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ó máa gùn díẹ̀ o. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo gbé dàgbà l'Ábẹ́òkúta. Aláró ni wọ́n, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, tó bá gbẹ wọ́n á wá rì í sínú aró, èmi ni mo máa ń bá wọn pọn omi. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé tí wọ́n bá fa aṣọ yẹn jáde nínú ìkòkò, kì í dúdú lójú ẹsẹ̀ o, bí ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ló máa ń rí, wọ́n á wá nà án sókè, bẹ́ ẹ bá ṣe ń wò ó, àwọ̀ ewé yẹn á máa ṣí lọ, búlúù á máa yọ láti etí aṣọ wá sáàárín, kó tó pẹ́ ó ti di aró. Mi ò kì í lè gbójú kúrò. Tí wọ́n bá ti ṣe tán, wọ́n á fọwọ́ nu ara ògiri ẹ̀yìnkùlé, ibì kan náà ni nígbà gbogbo, ògiri amọ̀ pupa, ọwọ́ lórí ọwọ́, èyí tó ti ṣá lábẹ́ èyí tó ṣì tutù, ìka gígùn gígùn tó ń ṣàn wálẹ̀. Wọ́n kú ní 2009, wọ́n wó ilé yẹn lẹ́yìn náà, mi ò ní fọ́tò kankan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wọ́tákọ́lọ̀, ògiri yẹn ló kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo pète ẹ̀. Mo kàn fi omi rin pépà, mo kán indigo, ọ̀dà aláwọ̀ aró, sí i lókè, mo gbé e nàró, ló bá ń ṣàn bí ìka. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó ti di ojú ewé 37 báyìí, ògiri kan ṣoṣo yẹn ni mo ṣì ń kùn.

Tóóyọ̀sí
Ojú ewé 37 lórí ògiri kan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mú omi bọ́ lójú mi lẹ́nu iṣẹ́.

BàbáÌbejì
Ìtàn yẹn wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Aró tó ń jáde bí ewé? Aró tí mo mọ̀, dúdú ló ń wọlé, dúdú ló ń jáde. Ṣé kì í ṣe pé ẹ kéré nígbà yẹn lẹ fi rò ó bẹ́ẹ̀?

ỌmọÌtòkú
Bàbá Ìbejì, ojú mi ló ṣe o. Aṣọ tó ti gbẹ lẹ̀ ń rí lọ́jà.

ÌyáÀṣàkẹ́
Òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Èmi náà ń pa aṣọ láró, òun ni mo fi ń jẹun. Afẹ́fẹ́ kì í ráyè dé inú ìkòkò aró, ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ fi máa ń ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ ìyeyè, àfìgbà tí aṣọ bá bọ́ síta tí afẹ́fẹ́ kàn án kó tó yí padà. Ìdí nìyẹn tá a fi ń rì í, tá a ń fà á yọ, tá a ń jẹ́ kó mí, tá a tún ń rì í. Èyí tá a rì lẹ́ẹ̀kan péré, àyìnrín nìyẹn. Tá a bá ń tún un ṣe, á di aró, tó bá wá pọ̀ gan-an á di ẹtù, tó dúdú tó ń dán.

BàbáÌbejì
Ẹ ṣeun ma. Mo gbà. Ọmọ Ìtòkú, má bínú sí mi.

Désọ́lá_Peckham
Ẹ wo bí màmá ṣe ṣàlàyé ohun tí olùkọ́ mi fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wa! Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi òmíì lé e. Ibi tí mo ti máa ń ba tèmi jẹ́ nìyẹn, mi ò ní jẹ́ kó gbẹ, á wá di ẹrẹ̀.
Tèmi o: orí bọ́ọ̀sì ni. Nígbà òtútù ní London níbí, tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú, òkè bọ́ọ̀sì alájà méjì ni mo máa ń jókòó sí, èémí gbogbo wa á ti bo gíláàsì, iná àwọn ṣọ́ọ̀bù Rye Lane á wá máa wọlé láti ẹ̀yìn ìkùukùu yẹn, pupa, àwọ̀ ewé, ìyeyè, kò sí èyí tó ní etí. Ọmọdé kan fìka fa ìlà kọjá lára gíláàsì lọ́jọ́ kan, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nídìí ìlà náà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yà á sínú ìwé mi lórí ìjókòó ibùdókọ̀ kó tó lọ lójú mi. Tí mo bá sì ti há pátápátá, Tate Britain, ilé àwòrán kan, ni mo máa ń lọ, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ Turner, ayàwòrán ará Ẹ̀ńgílàǹdì, pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan wà tó fi wọ́tákọ́lọ̀ bẹ̀rẹ̀, búlúù lókè, ìyeyè nísàlẹ̀, kò sí ọkọ̀, kò sí ilé, ìmọ́lẹ̀ lásán. Bàbá tó kú ní 1851 o!

Ṣẹ́gunKunOmi
Désọ́lá, Turner kì í ṣe abstract. Ojú ọjọ́ ló ń kùn. Kandinsky, ayàwòrán ará Rọ́ṣíà, ló kọ́kọ́ kun wọ́tákọ́lọ̀ abstract, ní 1910.

Tóóyọ̀sí
1910 ló wà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní 1913 ló jọ pé ó kùn ún. Ayàwòrán obìnrin kan ní Sweden, Hilma af Klint, sì ti ń ṣe tiẹ̀ láti 1906, kò kàn jẹ́ kí aráyé rí i ni.

ỌmọÌtòkú
Ta lẹ wá ka àwọn ìyá tó ń kun ògiri ojúbọ n'Ífẹ̀ sí? Tí ọdún òrìṣà bá ti kù dẹ̀dẹ̀, wọ́n á kùn bo ti èṣí. Kò sẹ́ni tó bá wọn kọ 1910 sára ẹ̀.

Ṣẹ́gunKunOmi
Èyí tí wọ́n ń kùn nítumọ̀ ní tiwọn, gbogbo àmì ibẹ̀ ló lórúkọ. Abstract kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

ỌmọÌtòkú
Ògiri ìyá ìyá mi náà nítumọ̀. Ṣé kì í wá ṣe abstract mọ́ nìyẹn? Àwọn ẹgbẹ́ ayàwòrán Ọ̀nà tó dìde n'Ífẹ̀, àwọn Moyo Okediji, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá yẹn ni wọ́n lọ kọ́gbọ́n, wọ́n fi erùpẹ̀ ilẹ̀ ṣe ọ̀dà. Lójú tèmi, ẹni tó bá ní ohun tó ń wò lọ́kàn ni àwòrán ẹ̀ máa ń dúró, bí ẹlòmíì ò tiẹ̀ mọ ohun náà.

Kọ́lá_Ìjẹ̀bú
Àwọ̀ mẹ́ta náà ni Yorùbá ní ṣáá, funfun, pupa, dúdú. Kí lẹ fẹ́ fi kun abstract?

ÌyáÀṣàkẹ́
Kọ́lá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Àyìnrín tí mo sọ lókè ńkọ́? Àlàárì, sányán, èsè àlùkò ńkọ́? Ẹni tí kò wọnú ìsọ̀ aláṣọ ló ń sọ pé mẹ́ta ni.

Désọ́lá_Peckham
Màmá, èmi rò pé ìdílé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Ìyeyè àti ọsàn, ilé pupa ni wọ́n ń gbé. Aró àti ewé, ilé dúdú. Tí mo bá fẹ́ kùn, ilé kan ni màá mú, màá wá pe àlejò kan ṣoṣo láti ilé kejì. Ó ti gbà mí lọ́wọ́ ẹrẹ̀.

Kọ́lá_Ìjẹ̀bú
Èyí wọ̀ mí létí. Ẹ ṣeun, ma.

BàbáÌbejì
Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ pépà kún un. Àǹtí Àdùfẹ́, irú pépà wo lẹ ń lò? Tó bá jẹ́ A4 fọ́tókọ́pì, gíráàmù 80, kò lè gba omi, á wú, á ká kò, ọkàn yín á sì pami lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ wá 300. Ó wọ́n, mo mọ̀, ẹ gé e sí mẹ́rin. Ẹ tún gbìyànjú iyọ̀ oníhóró, ẹ wọ́n ọn sí i nígbà tí dídán omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ, á fa ọ̀dà mọ́ra bí ìràwọ̀.

Tóóyọ̀sí
Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ẹ yára o, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń gbẹ, iyọ̀ ò ní rí nǹkan fà.

Ṣẹ́gunKunOmi
Iyọ̀ ti sú mi. Gbogbo èèyàn ló ń da iyọ̀.

Adé_Ọlọ́kàn
Mi ò kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí. Lọ́dún tó kọjá ìyá mi wà lọ́sibítù fún ọjọ́ 11. Èmi ni mo ń sùn tì wọ́n lórí àga. Ìwé kékeré kan wà nínú báàgì mi pẹ̀lú ọ̀dà olóríṣi mẹ́fà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, oorun ò wá, mo ń wo dírípù wọn bó ṣe ń kán, tó, tó, tó. Mo bu omi sínú ìdérí ike, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì kán àwọ̀ kan sínú ìwé fún ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Tí nọ́ọ̀sì bá dín in kù, tèmi náà á dín kù. Ojú ewé kan fún alẹ́ kan. Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún ni àìsàn wọn le jù, ẹ̀rù bà mí, ojú ewé yẹn kún dé etí, àwọn ẹ̀kán yẹn wọnú ara wọn di adágún kan. Ara wọn ti yá, wọ́n ti wà nílé báyìí. Mo ṣí ìwé náà hàn wọ́n, wọ́n ní kí ni, mo ní omi tí wọ́n fi sí yín lára ni. Wọ́n ṣí i lọ ṣí i bọ̀, wọ́n wá gbé ìka lé ojú ewé tó kún yẹn. Wọ́n ní, "Ìgbà tí mò ń pè ẹ́ tí ohùn ò jáde nìyí." Mi ò tíì sọ alẹ́ tó jẹ́ fún wọn.

Tóóyọ̀sí
Ha.

ÌyáÀṣàkẹ́
Ọlọ́run á dá wọn sí fún ẹ, ọmọ mi. O tọ́jú ìyá ẹ. Má jẹ́ kí ìwé yẹn sọnù o.

ỌmọÌtòkú
Adé, dákun wá nǹkan fi bò ó, kí oòrùn má kàn án. Àwọn ọ̀dà kan máa ń ṣá.

Ṣẹ́gunKunOmi
Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ìyẹn nítumọ̀, abstract sì ni. Ẹ jọ̀ọ́.

Àdùfẹ́Aláwọ̀
Mo ti ń ka gbogbo yín láti àárọ̀, mi ò mọ ohun tí màá kọ́kọ́ fèsì. Mo gbé fóònù kalẹ̀ lẹ́yìn ìtàn Adé, mo lọ sí ilé ìdáná. Bébà ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di àkàrà àárọ̀ ṣì wà lórí tábìlì, ibi tí òróró ti rin ín ti ń fi ẹ̀yìn hàn, ọ̀rọ̀ iwájú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ti wọnú ara wọn, àmì àkàrà mẹ́rin róbótó róbótó. Mo na bébà yẹn sí fèrèsé. Mi ò tíì wò ó rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ra àkàrà! Mo ti kun mẹ́ta lára àwọn róbótó yẹn, mo gé etí bébà náà, mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

BàbáÌbejì
Ẹ má lẹ òróró mọ́ ìwé o! Á ràn dé gbogbo ojú ewé, ọ̀dà ò sì ní dì mọ́ ibẹ̀.

ÌyáÀṣàkẹ́
Pé ọ̀dà ò ní dì mọ́ ọn yẹn gan-an ló dáa, ohun tí ẹ̀kọ ń ṣe lára àdìrẹ nìyẹn, ibi tí ẹ̀kọ wà, aró ò ní wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òróró máa ń ràn lóòótọ́. Fi àbẹ́là fa àwọn róbótó yẹn, kó o wá kun omi lé e.

Àdùfẹ́Aláwọ̀
Àbẹ́là! Ó wà nílé, NEPA ti jẹ́ kó pọ̀ nílé wa. Ẹ ṣeun, màmá.

Désọ́lá_Peckham
Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Ṣé mo lè fi aró tiwa gan-an kun pépà? Ìyá mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mo lè ní kí wọ́n bá mi ra ẹlú.

ÌyáÀṣàkẹ́
Ẹlú wà, wọ́n á ti gún ewé ẹ̀, wọ́n á ti ṣù ú, wọ́n á ti sá a. Ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ fi omi eérú rẹ ẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó sì ń rùn, ṣé wọ́n máa gbà fún ẹ nínú fúláàtì?

BàbáÌbejì
Tó bá jẹ́ ti pépà ni, fọ́ọ̀mù orí aró ni kí wọ́n kó, kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n fi gum arabic pò ó pẹ̀lú oyin díẹ̀. Gum arabic náà ló wà nínú wọ́tákọ́lọ̀ tá à ń rà, ara igi bọn-ọ̀n-ní lókè Ọya ló ti ń jáde.

Désọ́lá_Peckham
Ó yá, màmá, ẹ bá mi kó fọ́ọ̀mù yẹn, iye yòówù kó jẹ́. Mo ti ń pe ìyá mi báyìí.

ỌmọÌtòkú
Ẹ kó tèmi mọ́ ọn. Ojú ewé 38 ni mo fẹ́ fi kùn.