Bálùwẹ̀ tó ń tutù nínú ilé tó ń gba ooru láti inú ilẹ̀

Ọmọ Mọ̀pà, Jámánì: Òkun o, gbogbo ilé. Ìyá mi ń bọ̀ láti Mọ̀pà lóṣù Kejìlá, wọ́n fẹ́ wá bá wa tọ́jú ọmọ. Ilé tí a kó sí ń lo heat pump tó ń fa ooru láti inú ilẹ̀, páìpù rẹ̀ sì wà lábẹ́ táìsì jákèjádò. Pálọ̀ ń móoru dáadáa, ṣùgbọ́n bálùwẹ̀ kì í kọjá dígíríì 20. Ẹni tó wọṣọ lè fara dà á, àmọ́ ọmọ tuntun àti àgbàlagbà tí omi wà lára wọn ńkọ́? Ọkọ mi ní kí a gbé ooru ẹ̀rọ náà sókè. Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Kàbà, oníṣẹ́ hítà: Òkun o, àbúrò mi, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn. Omi bíi dígíríì 35 ló ń tì kiri ilé, ibẹ̀ gan-an ni èrè rẹ̀ wà: ẹyọ iná kan tí ẹ bá sanwó fún lè fún yín ní ooru bíi mẹ́rin. Bí ẹ bá ṣe ń gbé omi náà sókè ni èrè yẹn ń dínkù, gbogbo ilé á wá máa sanwó nítorí yàrá kékeré kan.

Bálùwẹ̀ ń fẹ́ 24, nígbà tí 20 tàbí 21 tó yàrá yòókù. Síbẹ̀, ẹ wo iye ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù nígbà tí ibi ìwẹ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù bá ti gba tiwọn. Ilẹ̀ tó ṣófo yẹn nìkan ló ń gbé ooru jáde. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ká rọ́ọ̀gì onírun kúrò níbẹ̀. Bí ìdérí ló rí lórí ìkòkò. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi tí páìpù gbogbo yàrá ti pín, ẹ kọ bí fáfù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tó ń ṣí omi tàbí tó ń dí i, ṣe wà sílẹ̀, kí ẹ wá ṣí ti bálùwẹ̀ tán. Yàrá tó bá ń gbóná jù, ẹ ti fáfù tirẹ̀ díẹ̀. Ẹ dúró dọ̀la tàbí ọ̀túnla, torí kọnkéré kì í tètè gbóná. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ máa pa ẹ̀rọ náà lálẹ́.

Ọmọ Ìsánlú, Swídìn: Ẹ̀gbọ́n, hítà onírin tí wọ́n ń kọ́ tówẹ́lì sí ńkọ́?

Ọmọ Kàbà: Tí omi 35 yẹn bá ni ẹ fẹ́ so ó mọ́, ẹ fowó yín pamọ́. Omi bíi 70 ni wọ́n fi wọn agbára tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, kò ní tó ìdá kan nínú márùn-ún. Èyí tó ní ọ̀pá iná nínú sàn. Èmi fúnra mi, pátákó infrared tí a ń kọ́ sára ògiri ni mo fẹ́ràn jù nínú ilé tí wọ́n ti kọ́ tán, torí pé ara èèyàn ló ń mú gbóná, kò dúró de afẹ́fẹ́. Oníwáàtì 600 fún ìdajì wákàtí, iná rẹ̀ kò tó ìdajì yúnìtì. Oníṣẹ́ iná tó níwèé àṣẹ ni kó so ó, kó sì jìnnà síbi tí omi ń ta sí.

Ọmọ Kàbà mìíràn, Kánádà: Àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́lé ni o.

Ọmọ Kàbà: Ẹ̀yin lẹ rí i he! Kí wọ́n tó lẹ táìsì, ẹ ní kí wọ́n to páìpù bálùwẹ̀ súnmọ́ra, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 síra wọn, kó wọ abẹ́ ibi ìwẹ̀, kó sì gun ògiri kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ 24 sínú ìwé àdéhùn.

Ohun kan tún wà, ìyá ọmọ. Èédú tí àwọn ìyá wa ń gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kó wọlé yín. Fèrèsé ibí dí pinpin, gáàsì rẹ̀ kò lóòórùn, ó sì ń pànìyàn.

Ọmọ Mọ̀pà: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ká rọ́ọ̀gì. Àmọ́ wọn kò kọ orúkọ sára fáfù kankan, báwo ni mo ṣe máa mọ ti bálùwẹ̀?

Ọmọ Kàbà: Ẹ gbé tẹ́mọsítáàtì bálùwẹ̀, ohun tí a fi ń yan ìwọ̀n ooru yàrá, dókè pátápátá, kí ẹ sọ ti àwọn yàrá yòókù kalẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀, bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Orí fáfù tó bá yọ sókè, òun ni. Ẹ fi bírò kọ ọ́ sí i lára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.